Àyà Tó Ń Ṣàìsàn Ló Fi Iṣẹ́ Mi Hàn Mí

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń ṣe yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀rù ba èmi náà, ẹ̀rù ọ̀hún sì wúlò, òun ló gbé mi dé ọsibítù. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú àìsàn yìí tí ẹnikẹ́ni ò ní kìlọ̀ rẹ̀ fún yín. Bẹ́ ẹ bá bọ́ lọ́wọ́ ikú, ọjọ́ tí wọ́n bá dá yín sílẹ̀ lẹ máa mọ̀ pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń jẹun tẹ́lẹ̀, àyà yín ò lè gbé e mọ́. Kí lẹ ó wá fi ìyókù ayé yín ṣe? Ìbéèrè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lóró ju ikọ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Akínfọlárìn lorúkọ mi, ọmọ Odigbo ni mí. Ìyá mi máa ń sọ pé kí n tó mọ̀ ọ́n rìn ni mo ti ń nawọ́ sí gbogbo nǹkan, tí mo ń béèrè pé, "Kí lèyí?" Ó wá di pé gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Kílèyí. Orúkọ náà ò dùn mọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àmọ́ mo ti wá gbà á báyìí.

Iṣẹ́ gẹdú ni mo ń ṣe ní Ore. Ore ìgbà yẹn, kí òmìnira tó dé, kò ju ìsọ̀ oúnjẹ díẹ̀ lọ, ibùdókọ̀, àti pápá gbalasa kan tí wọ́n ń to igi sí kí ọkọ̀ tó wá kó wọn. Bí wọ́n bá ti já igi sílẹ̀ láti inú igbó, èmi ni màá fi òòlù lu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, màá tẹ́tí, kí n lè mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti jẹrà. Igi tí inú rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ máa ń mú. Èyí tó ti ní ihò nínú máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni níbẹ̀. Èyí tó bá dára, màá tẹ àmì sí i lára. Èyí tí kò bá dára di igi ìdáná. Lẹ́yìn ìyẹn, màá bá àwọn yòókù fi ọ̀pá irin yí igi, nínú eruku, nínú òjò. Tẹ́ ẹ bá bi mí nígbà yẹn bóyá mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, màá wò yín tìyanu-tìyanu. Ta ló ń bi èèyàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ríṣẹ́ ti ríṣẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ikọ́ gbígbẹ kan mú mi lásìkò ọyẹ́, a ní eruku ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ ò lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ara mi á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, àárẹ̀ á sì mú mi bí ẹni tó rin ìrìn ọ̀nà jíjìn. Tí mo bá sùn, òógùn á rẹ ẹní mi gbindingbindin. Ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kúrò nídìí mi. Ẹ gbọ́ o: ikọ́ tí kò bá lọ bọ̀rọ̀, tó ń bá òógùn àti rírù rìn, ẹ má ṣe bá a ṣàwàdà. Èmi bá a ṣàwàdà títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo tutọ́ sórí èérún igi, tí mo rí pupa. Ohun tó yà mí lẹ́nu lára ara mi ni pé mi ò sá. Mo lóṣòó, mo wò ó dáadáa. Kí lèyí?

Ìyá mi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà ilé àdúrà wa ní Odigbo. Opó ni, èmi nìkan ló sì kù fún un nínú gbogbo ọmọ tó bí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, kẹ́ ẹ má bàa bínú sí i níwájú. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, kò sunkún. Ó ká ẹní mi, ó mú mi lọ sílé àdúrà, wọ́n tẹ́ mi sí yàrá àwọn aláìsàn. Omi àdúrà láàárọ̀, sáàmù lọ́sàn-án, ààwẹ̀ lójoojúmọ́. Wòlíì wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn; ó gbàdúrà fún mi tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ara tí ikọ́ ń jẹ, tí oúnjẹ ò tún wọlé sí i, kí ni yóò kù níbẹ̀? Mo gbẹ dà bí panla.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àgbẹ̀ kan ní Araromi-Obu tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Araromi, gun kẹ̀kẹ́ wá bẹ̀ mí wò, ó sì gbé ìgò àgbo kan pamọ́ sábẹ́ agbádá. Ilé àdúrà wa kì í fẹ́ rí ewé àti egbò lójú. Ìyá mi rí ìgò náà, ìjà dé. Ó ní tí mo bá fẹnu kan àgbo, omi àdúrà ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tí mo bá ń gbààwẹ̀, àgbo ò ní rí nǹkan bá jà nínú mi. Èmi ni mo wà láàárín wọn, mo ń wúkọ́, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé ṣé kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àyà mi ná, kí wọ́n tó máa jà lórí ohun tí wọ́n máa dà sí i. Bí wọ́n ṣe ń jà lọ́wọ́ ni ikọ́ gbé mi, ẹ̀jẹ̀ sì kún inú abọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá Araromi wo abọ́ náà, ó wo ìgò ọwọ́ rẹ̀, ó sì da àgbo náà sílẹ̀ lójú gbogbo wa. Ó ní èyí ju ewé lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀, òun àti èmi sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ìyá mi dúró létí ọ̀nà, kò juwọ́ sí wa.

Ní ọsibítù, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ìlà ti gùn yí ilé náà ká. Gbogbo wa fi aṣọ bo ẹnu, a sì ń wo ara wa láti orí aṣọ náà, bí olè àti olè. Nígbà tó kàn mí, dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ní kí n yí ẹ̀yìn sí òun. Ó gbé ìka kan lé ẹ̀yìn mi, ó fi ìka kejì lù ú, ó tẹ́tí. Ó sún sókè, ó tún lù ú. Ara mi ta gìrì, torí iṣẹ́ mi ló ń ṣe yẹn. Mo bi í pé kí ló gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò tíì sí aláìsàn tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá ní ihò kan wà lókè lápá ọ̀tún, àwòrán tí wọ́n máa yà yóò fi hàn. Èmi náà ti gbọ́ ìró ọ̀hún kó tó sọ ọ́. Ká ní igi ni mí ni, mi ò ní tẹ àmì sí ara mi.

Wọ́n dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù àwọn oníkọ́ ife, níbi tí a ti ń sùn sí fàràndà kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí wa. Abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ títí ìdí mi fi le bí pátákó, àti oògùn oníhóró tó tóbi bí ẹ̀wà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í yára. Ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ dúró, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́nu mi. Àwọn kan rí i pé ara ti tù wọ́n, wọ́n sá lọ sílé láìparí oògùn wọn, a sì tún rí wọn tí wọ́n gbé wọn padà wá, wọ́n ti burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má dán an wò láéláé.

Nígbà tí ara mi ń le bọ̀ ni dókítà sọ fún mi pé màá yè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gẹdú ti parí fún mi. Kò ṣe é bí ẹni ń fi ìyà jẹ mí, ó kàn sọ ọ́ bí ó ṣe rí ni. Mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo dojú kọ ògiri. Ẹni tí kò lè gbé nǹkan wúwo ní Ore, kí ló ń jẹ́? Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò jẹun alẹ́.

Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí mi jẹ́ àgbàlagbà ará Ìsẹ́yìn kan tó bá wọn lọ sógun Hítílà, tó jà dé ilẹ̀ Bọ́mà. Bàbá Bọ́mà là ń pè é. Láràárọ̀ ló máa ń jókòó, á ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà gbọọrọ, kò ní sùn, kò ní gbàdúrà, kò sì ní sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè rí irú ìyẹn kí n má béèrè. Mo bi í pé kí lẹ ń ṣe, Bàbá? Ó ní òun ń jókòó. Mo ní mo rí ìyẹn. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, o ti mọ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ tó wù ú ló tó rojọ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní nígbà ogun, wọ́n mú ọmọ ogun Japáànù kan, òun sì wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Láràárọ̀ ni ọkùnrin náà máa ń jókòó bẹ́ẹ̀, láìmira. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ wò ó, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní a ti rí i, egbé ló fẹ́ lò, yóò kàn pòórá mọ́ wa lójú ni. Ni wọ́n bá fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó, kí egbé má bàa rí i gbé. Ọkùnrin náà wo okùn náà, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ń jókòó rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọjọ́ pẹ́ tí kò pòórá, Bàbá Bọ́mà bi í léèrè. Ará Japáànù náà gbọ́ òyìnbó díẹ̀. Ó ní ilé kan wà ní ilẹ̀ àwọn tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti jókòó, kó máa wo èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde, wọ́n ń pe ọ̀nà náà ní Sẹ́ẹ̀nì. Tó bá jókòó tán, á gbá àgọ́ náà bí ẹni ń retí ọba. Bàbá Bọ́mà ní ṣé ìtìjú kọ́ nìyẹn, kí jagunjagun máa gbálẹ̀ fún ọ̀tá? Ọkùnrin náà ní iṣẹ́ tí òun bá ń ṣe tí ọkàn òun ń wo ibòmíràn ni ìtìjú.

Bàbá Bọ́mà ní ọ̀rọ̀ yẹn bá òun dé ilé. Wọ́n fún un níṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì, torí sọ́jà àtijọ́ ni. Ó ṣe é díẹ̀, ó jókòó, ó wo èémí rẹ̀, ó kúrú. Ló bá fi í sílẹ̀, ó padà sídìí òfì, iṣẹ́ ìran wọn, tó ti sá fún nígbà ọ̀dọ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní ogun ti dà á lórí rú.

Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ọmọ onígẹdú, má fi orí wá iṣẹ́. Orí mọ irọ́ pa. Èyí tó bá wù ọ́, ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, kó o jókòó, kó o bi àyà rẹ. Àyà tó ń ṣàìsàn kì í parọ́, kò ní agbára ẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó. Ẹni tó ní ikọ́ ife kì í fẹ́ rántí pé òun ń mí. Mímí ni ọ̀tá. Mo jókòó, ẹ̀rù ń bà mí, mo tẹ̀ lé èémí kan wọlé. Mo rí ibi tó ti há, lókè lápá ọ̀tún, bí ilẹ̀kùn tí òjò rẹ tó sì wú. Mo tún tẹ̀ lé òmíràn. Ó há níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó kọjá. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé ohun tí mo ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí, mi ò tíì wò ó rí. Ẹ̀rù náà ò tán, àmọ́ ó ní àyè tó mọ sí báyìí.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dán nǹkan wò. Mo bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà sílé. Èémí mi kúrú, mi ò mọ ìdí. Mo bá nọ́ọ̀sì to abọ́, ọkàn mi ń wo ojú fèrèsé. Bàbá Bọ́mà ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ní mo dà bí ìyàwó tó ń tọ́ gbogbo ọbẹ̀ wò tí kò se ọ̀kankan. Lọ́jọ́ kan tí atẹ́gùn ń fẹ́, nǹkan pẹlẹbẹ kan tó ní ìyẹ́ bí kòkòrò fò wọlé, ó bà lé aṣọ ìbora mi. Mo mú un. Kí lèyí? Ọ̀gbẹ́ni tó ń tọ́jú ọgbà ọsibítù ní èso igi arère ni, igi náà nìyẹn lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo wo èso náà. Arère. Igi tí mo ti fi òòlù lù láìmọye ìgbà, tí mo mọ ìró rẹ̀ tí mo bá di ojú. Òkú rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ń fò.

Mo gbin ín sínú agolo mílíìkì kan tí mo lu ìdí rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń wò ó, ó sì pẹ́ kó tó hù. Ọjọ́ tó hù, gbogbo wọ́ọ̀dù ló wá wò ó, tàgbà tèwe, tìkọ́ tìkọ́. Mo jókòó lẹ́yìn náà, mo wo èémí mi. Ó gùn. Ó gùn débi tó fi gba ibi híhá yẹn kọjá láìkan ilẹ̀kùn. Mo sọ fún Bàbá Bọ́mà. Ó mi orí. Kò bá wa jáde ní ọsibítù yẹn. Òun ti pẹ́ jù kó tó wá, oògùn ò bá a mọ́. Mo sunkún rẹ̀ bí ẹni sunkún baba.

Ìgbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, orílẹ̀-èdè ti ń múra òmìnira, àsíá wà níbi gbogbo. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ore, mo gbé agolo arère mi dání. Obìnrin kan tó ń ta èkuru ní ibùdókọ̀ rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìránṣẹ́ Olúwa." Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni. Kó tó di pé mo dé Odigbo, èèyàn bíi mélòó kan ti kí mi bẹ́ẹ̀. Mo dé ilé, mo bá sùtánà funfun tuntun lórí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ti lọ̀ ọ́.

Ìyá mi ló jẹ́ ẹ̀jẹ́. Nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ ìkórè, ó dìde níwájú ìjọ, ó ní bí Olúwa bá dá Akin padà fún òun láàyè, inú ilé Rẹ̀ ni yóò ti máa sìn Ín títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ní ilé àdúrà wa, ẹ̀jẹ́ tí ìyá bá jẹ́ lórí ọmọ, ọmọ ni yóò san án, ìyá nìkan ló sì lè dìde níwájú ìjọ láti tú u. Kò sì sí ìyá tó ń tú u. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá tú ẹ̀jẹ́, ohun tó tìtorí rẹ̀ jẹ́ ẹ yóò padà wá. Lójú ìyá mi, sùtánà yẹn ló wà láàárín èmi àti ibojì.

Mo wọ̀ ọ́. Kí ni ǹ bá ṣe? Ó ti sin ọmọ púpọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lu agogo láàárọ̀ kùtù, kí n máa ké yí ìlú ká pé kí àwọn èèyàn ronú pìwà dà, kí n sì máa ṣe ìṣọ́ òru pẹ̀lú wọn. Mo fẹ́ràn Ọlọ́run, mo ṣì fẹ́ràn Rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ké dé ojú ọ̀nà Ago Alaye, àyà mi á ti há, èémí mi á sì kúrú dà bí ti ajá. Mo jókòó, mo wò ó dáadáa, bóyá ikọ́ nìkan ni. Kì í ṣe ikọ́ nìkan. Lákòókò tí mo ń ké, ọkàn mi wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí mo tọ́jú arère mi sí.

Ilẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ya ebè, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòji lé e lórí, mo gbin èso arère, mo gbin kòkó sínú agbọ̀n kéékèèké tí mo fi ọparun hun. Mo fẹ́ mọ ìdí tí èyí fi hù tí èyí ò hù. Mo fẹ́ mọ iye omi tó ń tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìgbà tó fẹ́ oòrùn àti ìgbà tí kò fẹ́. Tí mo bá wà níbẹ̀, mi ò mọ̀ pé mo ní àyà. Àgbẹ̀ kan láti Ago Alaye rí ọmọ igi kòkó mi, ó ní kí n fún òun ní díẹ̀, ó gbìn wọ́n, wọ́n yè. Ló bá mú ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Bàbá Araromi náà fẹsẹ̀ rìn wá, torí kò tíì ní kẹ̀kẹ́ mìíràn, ó kó tirẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó ní òun ti gba kẹ̀kẹ́ òun padà.

Mo bá ìyá mi sọ ọ́. Mo ní iṣẹ́ mi nìyí, agogo yẹn ń pa mí lọ díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ikú ni mo ń bẹ̀, ó ní òun ò lè fi ẹnu tí òun fi bẹ Ọlọ́run tún bẹ̀ Ẹ́ pé kó gbàgbé. Mo lọ bá Wòlíì. Ó gbọ́ mi tán, ó ní òun ò rí nǹkan búburú nínú ohun tí mo sọ, àmọ́ kì í ṣe òun ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà. Mo padà sídìí agogo. Nígbà tó yá, ikọ́ díẹ̀díẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, ìyá mi sì gbọ́ ọ láti yàrá rẹ̀. Ó ní ṣé mo rí i báyìí, ìkùnsínú mi ló fà á. Èmi ní agogo ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó sì jẹ́ àkókò tí a máa ń yọ ọmọ igi láti inú ebè sínú agbọ̀n, kí gbòǹgbò wọn tó há. Tó bá di pé oòrùn là, wọ́n á kú. Mo ní kí n yọ díẹ̀ kí n tó lọ lu agogo. Mo kúnlẹ̀, torí ebè wà nílẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè dúró ṣe é. Mo ń fi igi tín-ínrín tú gbòǹgbò, mo ń gbé e, mo ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbàgbé agogo. Mi ò mọ ìgbà tí oòrùn yọ. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn mi.

Ìyá mi ni. Ó ti gbọ́ pé agogo ò dún, ó sì ti fi ìbínú jáde nílé. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti dúró níbẹ̀ tipẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun kó wá ti tán lẹ́nu òun. Mo yíjú, mo rí i, mo fẹ́ dìde. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi pé kí n má dìde. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ẹ̀yìn mi, lókè lápá ọ̀tún, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí àìsàn ń gbé mi, ó fi í síbẹ̀ títí mo fi mí, tí mo tún mí.

"Akin," ó ní, "láti ìgbà tó o ti wọ sùtánà, mi ò rí ọ lórí ìkúnlẹ̀ pẹ́ tó báyìí rí."

Ó yí padà, ó lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà ìjẹ́rìí, ìyá mi dìde. Ó ní òun ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ọmọ òun yóò sin Olúwa nínú ilé Rẹ̀, òun ò sì tú u, ṣùgbọ́n òun ò ní sọ fún Olúwa mọ́ ibi tí ilé Rẹ̀ pin sí. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Kò tíì sí ìyá tó sọ irú rẹ̀ rí, wọn ò mọ̀ bóyá ó dára láti gbè é. Wòlíì nìkan ló ṣe é, jẹ́jẹ́, nígbà tó pẹ́. Mo bọ́ sùtánà náà lọ́jọ́ kejì, mo sì fọ̀ ọ́ kí n tó dá a padà.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọdún díẹ̀ ti kọjá lórí òmìnira. Mo padà lọ ya àwòrán àyà ní Ìbàdàn, dókítà fi hàn mí pé ihò náà ti san, ojú ọgbẹ́ ló kù. Mo ṣì máa ń wúkọ́ tí ọyẹ́ bá mú gan-an, mi ò sì lè sáré. Àwọn kan ṣì wà ní Odigbo tí wọn kì í fi ife mi mumi. Láràárọ̀ ni mò ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Arère inú agolo ọjọ́sí, tí mo ti gbìn sílẹ̀, ti ga ju ilé wa lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, ẹ parí oògùn yín, ẹ jẹun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ààwẹ̀ wo ikọ́ fún yín. Tára bá sì tù yín díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi àyà yín léèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Yóò dá yín lóhùn tẹ́ ẹ bá ní sùúrù.

Látìgbà ọjọ́ yẹn, ìyá mi ò tíì padà sí ẹ̀yìn ilé. Ó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí ikọ́ mi, mo sì mọ̀ pé ó ń retí kí ẹ̀jẹ́ náà wá béèrè mi. Lánàá ni ìyá mi dé. Mo ń bomi rin kòkó, mo rí i létí ọgbà, níbi tí ìbòòji ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà. Ó wá fẹsẹ̀ lásán rìn wọlé sí àárín ebè, ó nawọ́ sí ewé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là.

"Akin," ó ní, "kí lèyí?"